Bí A Ṣe Ń Sọ Irin Kalẹ̀

Ta ni kò lè gbé irin sókè? Inú bíbí lásán lè gbé e dé èjìká. Bí èèyàn ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ọ̀gá mi fi ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Títí dòní, bí mo bá ti di irin mú, ohùn wọn ni mo ń gbọ́: "Rọra. Ìwọ lo ni ín, òun kọ́ ló ni ọ́."

Bíríkìlà ni wọ́n. Àgbàlá ilé kan ní Àgbọ̀wọ́, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, ni wọ́n ti kọ́ wa. Páìpù omi ni irin wa, kọ́ńkéré tí wọ́n rọ sínú garawa ọ̀dà ló wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Bí a ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń dì í mú, ẹni tó ti gbé irin rí mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ́ńkéré kì í ṣe ohun tí à ń jù sílẹ̀. Bí a bá jù ú, yóò sán, ilẹ̀ onílé á fọ́, ọmọ ọwọ́ tó ń sùn ní yàrá kejì á jí. Irin yẹn fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ wa ní sùúrù.

Bí a bá ń ká apá, wọ́n á máa kà á bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ní ẹ̀ta ni wọ́n ti máa ń fa ohùn gùn. Ibẹ̀ ni apá ti dùbúlẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́, ibẹ̀ ni irin ti ń wúwo jù, ibẹ̀ náà ni ọ̀lẹ ti ń jẹ́ kó já bọ́. Èémí á máa wọlé, ikùn á le, ìgbọ̀nwọ́ ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí apá bá ti rẹ̀ wá débi pé a ò lè gbé e mọ́, agbára láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ṣì kù nínú iṣan, nítorí iṣan tó ń nà lábẹ́ ẹrù lágbára ju èyí tó ń súnkì lọ. Ọ̀gá mi á fi àtẹ́lẹwọ́ tí sìmẹ́ńtì ti jẹ ti páìpù náà sókè fún wa, wọ́n á wá fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ká tó mí kanlẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger na Gene Fullmer ní pápá ìṣeré Liberty ní Ring Road, tí ìjà ẹ̀ṣẹ́ náà parí ní ìpele keje. Ọmọdé ni ọ̀gá mi nígbà náà, lórí èjìká baba wọn. Wọn kì í sọ púpọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ́. Bí baba náà ṣe rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láàárín èrò ni wọ́n máa ń sọ, ojú wọn á sì tàn.

Ó máa ń dùn mí báyìí láti rí ọ̀dọ́ tó ju irin sílẹ̀ gbàà lórí rọ́bà, tó ń ya fídíò rẹ̀, tó tún ń wá oògùn tí yóò wú apá. Ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ń jù sílẹ̀ pẹ̀lú irin yẹn.

Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tí iṣẹ́ yìí kò gbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fún iṣan lókun ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Màmá kan ní Challenge bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi láìmú nǹkan kan lọ́wọ́: wọ́n kàn ń jókòó sórí àga ni, ení sí ẹ̀rin, wọ́n á tún dìde. Lẹ́yìn náà ni ike omi lítà kan, tí í ṣe kílò kan gééré. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 ló wà lọ́wọ́ wọn báyìí. Ẹ̀ta wọn ṣì ń yá jù, a wà lórí rẹ̀.