Ilé Là Ń Wò: Lámèyítọ́ Lórí Fọ́tò Tó Parí The Shining

Ẹ̀yin akéwì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo The Shining, fíìmù tí Stanley Kubrick ṣe lọ́dún 1980, ẹ ó rántí bó ṣe parí. Jack Torrance, ọkùnrin tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ Òtẹ́ẹ̀lì Overlook nígbà òtútù, ti gan sínú yìnyín. Kámẹ́rà wá ń rọra sún mọ́ ògiri kan nínú òtẹ́ẹ̀lì, títí tó fi dé iwájú fọ́tò àtijọ́ kan. Èrò kún inú gbọ̀ngàn ijó, àwọn ọkùnrin nínú kóòtù dúdú, àwọn obìnrin nínú aṣọ òde alẹ́. Ẹni tó wà níwájú láàárín, tó ń rẹ́rìn-ín sí wa, Jack ni! Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé Òtẹ́ẹ̀lì Overlook ni, níbi ijó ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1921.

Ó tán. Fíìmù ò ṣàlàyé kankan. Kubrick fúnra rẹ̀ sọ fún Michel Ciment, lámèyítọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, pé fọ́tò náà ń tọ́ka sí àtúnwáyé Jack. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ̀wé lórí ìyẹn. Ìbéèrè tèmi kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: yàrá ibo gan-an nìyẹn?

Ìbéèrè náà kì í ṣe eré o, torí pé fọ́tò gidi ni. Kubrick ní àwọn rí i níbi tí wọ́n ń kó àwòrán àtijọ́ pa mọ́ sí, àti pé ọdún 1921 ni wọ́n yà á lóòótọ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kó àwọn òṣèré jọ kó fi ya tuntun, ṣùgbọ́n wọn ò lè dà bí àwọn èèyàn inú fọ́tò náà. Ló bá ya Jack Nicholson lọ́tọ̀, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti ìdúró rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, Joan Smith tó mọ iṣẹ́ títún fọ́tò ṣe sì fi ojú Nicholson bo ojú ẹlòmíì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ojú ẹlòmíì. Ẹnì kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n fi ara rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́dún 1985, ìwé kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ títún fọ́tò ṣe gbé ojúlówó fọ́tò náà jáde. Ojú ọkùnrin yẹn wá hàn síta, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ, kò sí ilé. Ẹ sì mọ ayé, ohun tí wọn ò bá mọ̀, wọ́n á fi àhesọ dí i. Àwọn kan ní àwọn olówó ńláńlá ló pé jọ síbẹ̀, àwọn kan ní ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n.

Alasdair Spark, olùkọ́ Yunifásítì Winchester tó ti fẹ̀yìn tì, àti Aric Toler, akọ̀ròyìn New York Times, ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń dá ojú mọ̀ ló fi hàn pé Santos Casani ni ọkùnrin náà, oníjó tó gbajúmọ̀ nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ ti dé, ó ku ilé. Wọ́n tú ìwé ìròyìn àtijọ́ palẹ̀, wọ́n ń wá gbogbo ibi tí Casani ti jó, wọ́n ń fi gbọ̀ngàn wé gbọ̀ngàn. Kò bára mu. Lọ́dún 2025 ni ìdáhùn jáde, látinú àkójọ àwòrán Hulton tó wà lọ́wọ́ Getty. Empress Rooms ni, nínú Royal Palace Hotel, ní Kensington, Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ Topical Press ló ya fọ́tò náà níbi ijó àjọ̀dún àwọn olólùfẹ́, ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1921. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó lè lọ fojú rí yàrá náà mọ́, wọ́n ti wó òtẹ́ẹ̀lì ọ̀hún, Royal Garden Hotel ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìkan ló gba fọ́tò yìí là.

Ẹ wá wo nǹkan. Nínú ìtàn, Colorado ní Amẹ́ríkà ni Overlook wà. Ìta rẹ̀ tá a rí, Timberline Lodge ní Oregon ni. Inú rẹ̀, Elstree nítòsí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́ ọ sí. Fọ́tò rẹ̀, Kensington ló ti wá. Òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ilé mẹ́rin!

Tí Kubrick bá pè é ní àtúnwáyé, àwa ọmọ Yorùbá á béèrè pé: nínú ẹbí wo? Babátúndé kì í ṣàdédé tún dé. Inú ilé tó ti lọ ló ń padà sí, àwọn ará ilé ló sì ń dá a mọ̀. Jack ò ní ẹbí kankan ní Overlook. Lójú tèmi, fọ́tò yìí jọ àkúdàáyà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mọ ìtàn wọn: ẹni tó kú nílùú kan, tó lọ ń gbé nílùú tó jìnnà níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, tó fẹ́yàwó, tó ń ṣòwò, títí dọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ á yọ sí i lọ́jà. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni fọ́tò Kensington fi gbé ní Overlook lábẹ́ orúkọ olórúkọ. Spark àti Toler ni ará ilé tó yọ sí i.

Àkúdàáyà tí wọ́n bá ti dá mọ̀, ṣe ló máa ń pòórá. Ohun tí àwọn kan ń bẹ̀rù nìyẹn: wọ́n ní ṣíṣàwárí yàrá náà ti ba fíìmù jẹ́. Èmi ò gbà. Fíìmù náà ò pòórá, ẹ̀rù rẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ sí i ni. Kí ni Overlook ń ṣe fáwọn èèyàn? Ó ń gbà wọ́n mọ́ra, á ní ibẹ̀ ni wọ́n ti wà látilẹ̀ wá. Ohun tí Grady sọ fún Jack nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pupa yẹn nìyẹn. Ohun tí fíìmù ṣe fún Casani àti gbogbo èrò ọjọ́ Mọ́ńdè náà nìyẹn gẹ́lẹ́. Kubrick yìn wọ́n fún Ciment, ó ní ojú kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìgbà náà. Ìyìn yẹn gan-an ni mo ń bá a jà lé lórí. Ẹni tó wọ bàtà ijó jáde nílé lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kì í ṣe àpẹẹrẹ ìgbà kankan, èèyàn ni.

Mo mọ̀ pé nínú ẹgbẹ́ wa yìí, tẹ́nì kan bá gbé ewì jáde lórí fọ́tò, tá a sì bi í pé ta nìyí, níbo ni, wọ́n á ní "jẹ́ kí àwòrán sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀." Fọ́tò ò lẹ́nu, jàre. Ẹni tó bá mú un dání ló ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì lè parọ́ mọ́ ọn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Akéwì lè yí orúkọ padà lẹ́yìn tó bá ti mọ̀ ọ́n, Kubrick ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ká tó kọ ìlà kìíní, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yí fọ́tò dà ká wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo, tí màmá àgbà tó mọ̀ wọ́n sì wà láyé, ẹ mú bírò lọ bá wọn.