Ìlà Kan Tó Ń To Orúkọ Ìlú Wa Bó Ṣe Yẹ

Kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin tó wà létí Ìbàdàn sínú fáìlì kan lórí Linux: Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Lágelú, Ọ̀nà-Àrà. Wá fi LC_ALL=C sort tò wọ́n. Lágelú á fò ṣíwájú Ẹgbẹ́dá! Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nìkan ni ètò C ń wò, ti Ẹ àti Ọ sì ga ju ti Z lọ fíìfíì.

Àwọn tó tún èyí ṣe yẹ fún oríyìn. Wọ́n kọ fáìlì yo_NG fún Linux: yo ni Yorùbá, NG ni Nàìjíríà. Ẹni tó bá tẹ export LANG=yo_NG ti yan èdè rẹ̀ nìyẹn, sort á sì to Ẹgbẹ́dá ṣíwájú Lágelú. Àmọ́ LC_ALL ló lágbára jù; bó bá wà nílẹ̀, LANG ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn jù ni CLDR, àká ìmọ̀ àjọ Unicode. Níbẹ̀, Gb dá dúró lẹ́yìn G, oṣù kìn-ín-ní sì ń jẹ́ Ṣẹ́rẹ́. Wọn ò gbàgbé àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin tó ń kọ ɛ dípò ẹ: yo-BJ ni tiwọn, Shɛ́rɛ́ ni wọ́n sì ń kọ níbẹ̀. Ẹni tó ronú kan ará Kétu báyìí gba òṣùbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń to orúkọ àgbẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní Mọ́níyà tàbí Àkàǹràn, ẹ tẹ locale -a lónìí. Bí yo_NG ò bá sí níbẹ̀, sudo locale-gen yo_NG ló máa gbé e wọlé lórí Ubuntu.