Orúkọ, Àgbélébùú àti Ṣẹkẹṣẹkẹ: Ìdánimọ̀ Kátólíìkì ní Ilé Ìwòsàn Alájọṣe

Bí ilé ìwòsàn Ìjọ Àgùdà bá ń gba ilẹ̀ tàbí owó lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn, kí ni a ó fi mọ̀ pé ti Ìjọ náà ni ṣì ni? Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni orúkọ ẹni mímọ́ lára pátákó àti àgbélébùú lára ògiri. Lójú tiwa, ìdáhùn yìí kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹ wo Wesley Guild ní Iléṣà. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1975 ni ó ti wà lábẹ́ ilé ìwòsàn Yunifásítì Ifẹ̀. Orúkọ Wesley ṣì wà níbẹ̀. Ìjọba ló ni ilé.

Bouaké, ìlú tí Belleville jẹ́ ọ̀kan lára àdúgbò rẹ̀, ni a ti rí àpẹẹrẹ tó jinlẹ̀ jù. Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Benin tó ń ṣe iṣẹ́ táyà níbẹ̀, dá ẹgbẹ́ Saint Camille de Lellis sílẹ̀ ní 1983 láti máa bẹ àwọn aláìsàn wò. Nígbà tó yá, ó yíjú sí àwọn alárùn ọpọlọ tó ń rìn káàkiri ìgboro àti àwọn tí ẹbí wọn so mọ́ igi lábúlé. Inú ọgbà ọsibítù ìjọba ni ibùdó rẹ̀ àkọ́kọ́ fún wọn wà: àlejò ni Saint Camille lórí ilẹ̀ ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Ítálì, ẹ̀bùn tí a fi sọrí Franco Basaglia ni wọ́n fún un, bẹ́ẹ̀ Basaglia, tí akitiyan rẹ̀ bí òfin 1978 tó ní kí a ti ilé wèrè pa, kò gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka ẹ̀sìn.

Àgbélébùú kò wọ́n ní àwọn ibùdó àdúrà tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ de aláìsàn, tí wọ́n sì ń febi pa á kí ẹ̀mí èṣù lè jáde. Ahongbonon ní tirẹ̀ a máa gé ṣẹkẹṣẹkẹ náà, a sì máa fún aláìsàn ní oògùn kan náà tí dókítà ìjọba ń lò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣàìsàn náà rí. Ẹnìkan lè sọ pé Lambo ti ṣe ohun tó jọ ọ́ ní Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954, nígbà tó fi aláìsàn sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé láìgbé àgbélébùú kankan kọ́. Òótọ́ ni. Ìyàtọ̀ wà nínú ìdí: Jésù ni Ahongbonon ní òun rí lára ẹni tó wà ní ìhòòhò lórí ààtàn.

Òfin Ìjọ kò fi bẹ́ẹ̀ bá wa débẹ̀. Ìwé tí Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún gbé jáde ní November 2012 ka owó àwọn tó tako ẹ̀kọ́ Ìjọ léèwọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń ṣọ́. Òfin Amẹ́ríkà ti 2003 lórí àrùn éèdì náà gbà kí ilé ìwòsàn ẹlẹ́sìn kọ ọ̀nà ìdènà tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò fàyè gbà, bíi kọ́ńdọ̀mù. Báyìí ni ìdánimọ̀ ṣe di àkójọ ohun tí a kọ̀. A kò sọ pé kíkọ̀ kò tọ́. Ẹ̀rí ọkàn ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tọkọtaya tí ọ̀kan nínú wọn ní kòkòrò HIV bá wọlé, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì sọ fún wọn kedere, ní Baoulé, ní Dioula tàbí ní Yorùbá, kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọn kò ní rí gbà níbẹ̀.