Ẹni Tó Ń Tu Kọ̀ǹpútà Lára

Iṣẹ́ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà olómi, èyí tí omi ń mú tutù, tọ́jú wù mí púpọ̀, pàápàá ní Ọjà Balógun, níbi tí fọ́nrán òwú léèsì àti àǹkárá ti ń fò kiri. Tí ẹ̀rọ bá ń gbóná, kì í sáré ra fáànù tuntun. Rédíétọ̀, ibi tí omi náà ti ń tutù, ló kọ́kọ́ ń tú, á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn òwú kúrò láàárín irin rẹ̀. Kírímù tó ń gbé ooru kúrò lórí ọpọlọ ẹ̀rọ náà kì í ju hóró ẹ̀wà kan lọ.

Sùúrù rẹ̀ ló wù mí jù: á dẹ àpótí kọ̀ǹpútà náà sọ́tùn-ún, sósì, títí afẹ́fẹ́ inú páìpù yóò fi jáde, tí pọ́ǹpù yóò sì dákẹ́ ariwo. Ó mọ̀ pé omi yẹn kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ, nítorí náà ojú fèrèsé ló ń gbé kọ̀ǹpútà náà sí, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀.