Ẹ̀jẹ̀ Ni àbí Ìkòkò Ọbẹ̀?

Bí gẹ̀gẹ̀ bá yọ lọ́rùn ìyá, tó tún yọ lọ́rùn ọmọ rẹ̀ obìnrin, àrùn ìdílé ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa pè é, ní Kòmú àti káàkiri Òkè-Ògùn. Wọn kò jẹ̀bi. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni ìyá àti ọmọ jọ ní. Ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, iyọ̀ kan náà ló ń wọ ọbẹ̀ wọn. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń ya ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ìkòkò ni mo fẹ́ kan sáárá sí.

Ẹ wo dókítà tó mọṣẹ́ bó ṣe ń yẹ ọrùn wò. Ẹ̀yìn aláìsàn ló máa dúró sí. Á gbé ìka ọwọ́ méjèèjì sísàlẹ̀ gògóńgò, á rọra tẹ̀ ẹ́, á wá ní kí onítọ̀hún gbé omi díẹ̀ mì. Táírọ́ọ̀dù, ẹ̀yà ara tó rí bíi labalábá níbẹ̀, tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, á bá gògóńgò gòkè. Kókó ọrùn mìíràn kì í sáábà bá a lọ. Láàárín omi ẹnu kan péré, ìka ti mọ̀ bóyá ó tóbi, bóyá ó le, bóyá apá kan ló wú. Ohun tí ìka kò lè mọ̀ ni bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tó. Gẹ̀gẹ̀ ńlá lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ọrùn tó jọ̀lọ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí táírọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ń dákẹ́, tí òtútù ń mú ju ará ilé yòókù lọ, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ ìyẹn.

Ní Ṣakí, olùwádìí Ojule àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Oṣótìmẹ́hìn ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe irú àyẹ̀wò táírọ́ọ̀dù yìí, wọ́n sì gbé e jáde ní 1998. Ibi tí wọ́n gbájú mọ́ ló wú mi lórí: táírọ́ọ̀dù ìyá àti ti ọmọ tuntun jòjòló, lẹ́yìn náà ọpọlọ ọmọ iléèwé tí áyódínì, èròjà oúnjẹ tí táírọ́ọ̀dù fi ń ṣiṣẹ́, kò tó lára rẹ̀. Ọpọlọ ọmọ ni àìtó yìí ti ń ṣe ọṣẹ́ tí kò ṣeé tún ṣe. Ti ìkòkò nìyẹn, iyọ̀ tí wọ́n fi áyódínì sí sì ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀.

Irú kejì wà tí iyọ̀ kò ràn, èyí tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ń kọjú ìjà sí táírọ́ọ̀dù. Ìbejì ni àwọn olùwádìí ní Dẹ́nmáàkì fi yẹ ìyẹn wò, ní 2000. Gbogbo ìbejì ló ń jẹun nínú ìkòkò kan, àmọ́ ìbejì ẹyin kan ló jọ ní gbogbo àbùdá; ti ẹyin méjì kò ju ọmọ ìyá lásán lọ. Nínú ìbejì ẹyin kan, bí àìsàn yìí bá mú ọ̀kan, ìdá 55 nínú 100 ló ti mú èkejì pẹ̀lú. Nínú ti ẹyin méjì, kò sí ẹyọ kan. Ẹ ò rí i bí ìbéèrè yẹn ṣe gún! Ẹ̀jẹ̀ ni, àmọ́ 55 kì í ṣe 100, nǹkan mìíràn ṣì lọ́wọ́ sí i. Ó wù mí kí a ṣe irú rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, níbi tí ìbejì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyin méjì ni púpọ̀ nínú tiwa.

Àwọn kan tún wo bí irú kejì yìí ṣe ń rìn: ní Whickham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ogún ọdún ni àwọn olùwádìí fi tọpa àwọn ará àdúgbò. Obìnrin tí TSH, èròjà tó ń pàṣẹ fún táírọ́ọ̀dù láti ṣiṣẹ́, ti ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí àwọn èròjà tó ń bá táírọ́ọ̀dù jà sì wà níbẹ̀, bíi mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn ni táírọ́ọ̀dù wọn ń dákẹ́ lọ́dọọdún. Ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó yẹ kí a máa ṣọ́.

Ẹ̀yin aláboyún, bí ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní àìsàn táírọ́ọ̀dù rí, ẹ má dúró kí nọ́ọ̀sì bi yín. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ TSH yín wò.