Ọjọ́ Ìsinmi Asọ̀rọ̀mágbèsì

Orúkọ tí Yorùbá fún rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, bá Ọjọ́ Ìsinmi tí John Reith ṣètò ní BBC mu rẹ́gí: ìwàásù àti orin ìjìnlẹ̀ ni, kò sí orin ijó. Kí ogun 1939 tó dé, ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ti sá lọ sọ́dọ̀ Rédíò Luxembourg. Family Favourites, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, ìyá ní Ìlú Ọba lè yan àwo orin, kí ó fi kí ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ológun ní Jámánì. Ìkíni yìí ni adùn ètò náà. Àwo orin ṣáà wà lọ́jà. Síbẹ̀, ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bíi Jean Metcalfe ni ọ̀rọ̀ ìyá gbà jáde. Ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn tí ọmọ ń retí.