Àwọn Tó Mọ Ètò Àgbádárìgì Í Ṣe

Ará Ìlúpéjú tó fẹ́ gbádùn etíkun kì í ṣàdédé dìde. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ètò ìrìnàjò, àwọn ìyá alájọ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n ṣe dójú àmì. Ẹ wo ìwé ọ̀kan nínú wọn: orúkọ lápá òsì, owó tí kálukú san lápá ọ̀tún, àmì pupa lára àwọn tí ọkọ̀ máa ń kọ́ lóyì. Iwájú ni wọ́n máa jókòó sí. Ìdájí ni gbogbo wọn ń gbéra, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Mile 2 ò mọ ọjọ́ ìsinmi.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí lọ́dún 1845, ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà sí ní Àgbádárìgì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọdá ọ̀sà sí Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí àwọn oníṣòwò ẹrú ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni jíjẹ mímu. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ nìyẹn. Wọn kì í lúwẹ̀ẹ́, òkun ibẹ̀ máa ń fa èèyàn lọ.

Owó àlọ àtàbọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń ná pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́: bẹ́ ẹ bá dé òdìkejì, ta lẹ fẹ́ bá nájà?